Omi Tó Mọ́ Lójú

"Ta ló fún ọ láṣẹ láti pa sùtánà mi láró? Mo ní ta ló rán ọ níṣẹ́, Ṣubúọlá?"

Ohùn Ìyá Àdúrà Damaris ti dé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Ó gba ẹ̀yìn ilé wa wọ ìdí aró, ó na sùtánà kan síwájú bí ẹni tó gbé òkú ejò dání. Sùtánà tó yẹ kó funfun báláú ti pupa rẹ́súrẹ́sú láti àyà dé ìsàlẹ̀, bí ẹni pé wọ́n dúńbú adìyẹ sí i lára.

"Àwa mẹ́fà la jọ fọṣọ lódò! Odò tí bàbá mi mu, tí bàbá bàbá mi mu! A sá sùtánà mẹ́fà síwájú ilé àdúrà, wòlíì jáde, ó wò ó títí, ó ní, 'Ìyá Àdúrà, ṣé Ṣàngó lẹ ti ń bọ ni?'"

"Ẹ̀ bá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," mo dá a lóhùn, mi ò sì gbé ọwọ́ kúrò nínú ìkòkò. "Àwọn ará Ìsọ̀lọ̀-Ọ̀pin ń fi ẹsẹ̀ rìn wá bẹ̀ mí kí n tó pa tiwọn. Tiyín, ọ̀fẹ́ ni."

"Ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ sí mi! Ọmọ tí mo gbé pọ̀n!"

"Ẹ gbé mi pọ̀n, ẹ ò sì sọ̀ mí kalẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Ojoojúmọ́ lẹ ń kà á sí mi létí."

Yèyé mi jókòó sórí àpótí rẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn, ó ń yí ewé ẹlú tí ó ti gún sínú odó, ó ń ṣù ú ní roboto roboto. Kò gbé ojú sókè.

"Ṣubú," ó ní, "bẹ̀ wọ́n."

"Yèyé, ẹ má dá sí i."

Ó bu ewé mìíràn, ó ń ṣù ú lọ. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó ti di ọdún méjì tí èmi àti ìyá tó bí mi ti ń sọ̀rọ̀ bí àwọn tó kàn jọ wọ lọ́rì kan náà: sún díẹ̀, gba ẹrù rẹ, a ti dé. Ohun tó fà á kò sì ju agolo kan lọ.

Elijah, ọkọ mi, ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Kàdúná, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ pa aṣọ láró. Láti ibẹ̀ ló ti fi agolo aró òyìnbó àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi. Pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọsàn tó pọ́n. Ṣíbí mẹ́ta, omi gbígbóná, sódà tí àwọn ọlọ́ṣẹ fi ń se ọṣẹ, ó parí. Aṣọ tí Yèyé máa fi ọjọ́ méje rẹ sínú ẹlú kí ó tó dúdú, èmi a fi àárọ̀ kan pa á, a gbẹ kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn oníbàárà sì ya lọ sọ́dọ̀ àwọn àwọ̀ tuntun mi bí ewúrẹ́ tó rí iyọ̀. Ìkòkò ẹlú Yèyé kò rí ẹni tó ṣí ìdérí rẹ̀ mọ́.

Yèyé kò bá mi jà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ. Ó ní ohun tí òun kò bá lè fi ahọ́n mọ̀, òun kì í pè é ní aró. Nítorí pé ahọ́n ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n ní ìdí aró tiwa. Aláró a da omi sórí eérú nínú ajere, ìyẹn ìkòkò tó ní ihò ní ìdí, omi eérú a máa kán tó, tó, tó sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Aláró a fi ìka kàn án, a fi kan ahọ́n. Bí ó bá ta ahọ́n, ó ti tó fún ẹlú nìyẹn. Mo ní kí ó tọ́jú ahọ́n rẹ̀, pé èmi ní ṣíbí. Mo sọ ọ́ níwájú àwọn oníbàárà, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, mi ò fi ahọ́n kan ohun kan ní ìdí aró mọ́.

Ìyá Àdúrà kò bá mi fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó ká sùtánà rẹ̀, ó ní a ó ríra. Ọjọ́ kejì ni ó mú wolé-wolé wá.

Sùnmọ́nù ni wolé-wolé náà ń jẹ́, ọkùnrin tínínrín tó wọ kákí, tí ṣòkòtò rẹ̀ le bí páálí. Ọkùnrin méjì tó gbé kùmọ̀ dání tẹ̀lé e. Ó lọ wo gọ́tà tí omi ìdí aró mi ń gbà lọ sódò. Ó tẹ̀ lé e dé etí omi. Ó bá àwọn òkúta tó pupa, ó bá koríko tó ti yí padà di aláwọ̀ aró. Ó padà wá, ó fi bíírò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

"Ìyá, ta ló ni àwọn ìkòkò yìí?"

"Èmi ni," Yèyé dá a lóhùn kí n tó la ẹnu.

Òótọ́ ló sọ. Mọ́kànlá ni wọ́n. Mẹ́rin nínú wọn, ìyá ìyá rẹ̀ ló mọ wọ́n.

"Ẹ gbọ́ o. Mo fún yín ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Tí mo bá padà wá, tí omi tó ń ti ibí wọ odò kò bá mọ́, àwọn ọmọkùnrin yìí á fọ́ gbogbo ìkòkò yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò sì ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀."

"Ta ló fẹ́ bẹ̀ yín?" mo ní.

"Ṣubú!" Yèyé ní.

Mọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó lò nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà ni mo sì dì mú. Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀, láti orí wolé-wolé dé orí èmi, tó ní ìtumọ̀ méjì fún un. Omi tó bá mọ́ ni omi tí o kì ọwọ́ bọ̀, tí o sì rí èékánná rẹ.

Mo kọ́kọ́ gbẹ́ kòtò pé kí omi náà rin wọlẹ̀. Ó kún, ó tú jáde, ó gba ọgbà gbáguda ẹni ẹlẹ́ni kọjá lọ sódò. Mo fi aṣọ sẹ́ ẹ. Aṣọ pupa, omi pupa. Ní ọjọ́ kẹta inú bí mi débi pé mo gbé odindi ìkòkò omi aró, mo dà á sórí òkìtì èédú tí Àlímì alágbẹ̀dẹ kó sẹ́yìn ọgbà wa.

"Ìyàwó Elijah, ṣé èédú mi náà fẹ́ ṣọdún ni?" Àlímì kígbe láti ìdí ẹwìrì.

Mo fẹ́ fún un lésì, ojú mi sì lọ sí ẹsẹ̀ òkìtì náà. Omi ń sun jáde níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò pupa. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbọ́n ọn, mo rí ìlà ọwọ́ mi.

Mo sáré wọ ìdí aró bí ẹni tí oyin ń lé. Mo kó èédú sínú agbọ̀n, mo fẹ́ dà á sínú ajere kan, gbogbo rẹ̀ ń jò, ó ń dí, omi dúdú ń ṣàn. Yèyé ń wò mí láti orí àpótí rẹ̀. Ó wò mí títí. Ó dìde, ó wọlé, ó sì gbé ajere ńlá kan jáde, èyí tí kì í yá ẹnikẹ́ni, tí ó máa ń da ojú rẹ̀ dé lẹ́yìn ibùsùn rẹ̀.

"Ẹ̀kọ ni ò ń sẹ́ ni?" ó ní. "Gún èédú náà. Má gún un kúnná. Fọ̀ ọ́. Kànrìnkàn la máa fi dí ìdí rẹ̀, yanrìn odò á tẹ̀lé e, kí èédú tó wọlé."

"Yèyé, ta ló kọ́ yín?"

"Omi náà ni omi. Àádọ́ta ọdún ni mo fi ń mú un kán."

Ọjọ́ mẹ́fà la fi ṣe é. A to ajere mẹ́ta léra. "Tẹ̀ ẹ́ díẹ̀." "Ó ti tó." "Kò tí ì tó, ìwọ ọmọ yìí." Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ omi náà jáde bí omi tí wọ́n fi fọ ẹran. Ní ọjọ́ kejì ó pọ́n bí tíì. A kó èédú yẹn dànù, a fọ òmíràn, ọwọ́ àwa méjèèjì dúdú bí ọwọ́ Àlímì. Mo gbàgbé ara mi, mo ń sọ fún un bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Kàdúná, pé ẹ̀rọ ibẹ̀ tóbi ju ilé wa lọ, pé gọ́tà wọn ń ru bí ọbẹ̀. Ó bi mí bóyá àwọn náà ní ajere. Mo ní Elijah kò kọ ọ́ sí lẹ́tà. Ó ní, "Kọ̀wé sí i. Sọ fún un pé a ní tiwa l'Òsí."

Ní ọjọ́ kẹjọ mo gbé ife gíláàsì sábẹ́ ajere ìsàlẹ̀, mo jẹ́ kó kún. Mo gbé ife náà lé orí Bíbélì mi, mo sì ka Sáàmù láti òkè omi, lẹ́tà kan kò pa mọ́ mi lójú. Èmi tí kò sí tíṣà tó kọ́ mi ní a bí dí, tó jẹ́ pé ara páálí ṣúgà ni mo ti kọ́ ìwé kíkà. Mo ní, "Yèyé, ó mọ́!" Yèyé na ọwọ́ sí ife náà. Mo gbá a mọ́ àyà mi, mo ní kí ó má tíì mu ún, ti wolé-wolé nìyẹn. Mo gbé e lọ há sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìyẹn náà ni mo ṣe.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìdí aró kún. Wolé-wolé dé, àwọn oníkùmọ̀ méjì dúró ti ìkòkò ìyá ìyá Yèyé, wọ́n ti ká apá aṣọ. Ìyá Àdúrà kó gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Mo da omi pupa fòò sínú ajere òkè lójú gbogbo wọn, a jọ dúró, a jọ ń wò ó, títí omi náà fi ń kán nísàlẹ̀, ó ń dán bí omi òjò. Ariwo sọ. Sùnmọ́nù bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó kì ìka rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó wo èékánná rẹ̀.

"Ó mọ́," ó ní. Ó yà á lẹ́nu.

"Ó mọ́ lójú," Ìyá Àdúrà ní. "Ṣé ojú ni mo fi ń mu omi? Ọmọ ọmọ mi ń mu odò yìí. Kí ẹni tó ṣe é mu ún ká rí i."

"Ẹ gbé igbá wá!" mo ní. Ta ló ń bẹ̀rù?

Mo bu igbá kan kún. Mo ti gbé e dé ẹnu nígbà tí Yèyé dìde.

"Gbé e fún mi," ó ní. "Ní ìdí aró yìí, àgbà ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Bẹ́ẹ̀ ló rí, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ èyí tó kù náà: bí aláró bá tọ́ omi wò tí ó bá ta á, a tu ú sílẹ̀, bí kò bá ta á, a gbé e mì. Kì í sọ̀rọ̀. Ọ̀fun rẹ̀ ni ẹ̀rí. Nítorí náà ni gbogbo wọn ṣe ń wo ọrùn ìyá mi. Àwọn oníkùmọ̀ pàápàá ń wò ó.

Ó gbé igbá náà sẹ́nu. Ó mu ẹ̀kán kan. Ó gbé ojú sókè, ó wò mí, omi ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo rò pé ó ń yìn mí, mo sì rẹ́rìn-ín sí i. Ó gbé e mì. Ó tún mu. Ó mu ún títí ó fi da ojú igbá náà délẹ̀, kí wọ́n rí i pé kò ku ẹ̀kán.

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Ìdí aró hó yèè. Ìyá Àdúrà kúnlẹ̀ ó ní kí Yèyé má bínú, Sùnmọ́nù fa ìlà sórí ohun tó kọ sínú ìwé. Àlímì ní kí wọ́n má gbàgbé pé èédú òun ló ṣe é, pé òun náà fẹ́ kí wọ́n kí òun. Nígbà tí mo fi máa wẹ̀yìn, Yèyé ti wọlé.

Kò jẹun ní ọjọ́ náà. Ó ní eyín ń dùn ún. Lọ́jọ́ kejì ó ní kí n fún òun ní ẹ̀kọ tútù, ó mu díẹ̀, ó gbé ìyókù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohùn rẹ̀ há. Mo ní ọyẹ́ ni. Ó ní, "Àbí?" Ní ọjọ́ karùn-ún ó ní òun fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Fúnmilọ́lá, tó wà nílé ọkọ ní Òkè-Ọ̀pin, kí òun lọ wo àwọn ọmọ ọmọ òun. Mo di ẹrù fún un, mo bá a gbé e dé ìdí lọ́rì.

"Wàá wá wò mí?" ó ní. Ọ̀rọ̀ náà jáde bí èémí.

"Tí mo bá parí aṣọ àwọn ará Ararọ̀mí."

Mi ò parí rẹ̀. Bí àwọn aláró ṣe gbọ́ ni wọ́n ń wá, láti Ìsọ̀lọ̀, láti Ararọ̀mí, wọ́n ní kí n fi ajere han àwọn. Mo ń fi hàn wọ́n. Mo ń sọ̀rọ̀ bí àlùfáà. Fúnmilọ́lá ránṣẹ́ pé ara Yèyé kò yá, mo ní kí wọ́n fún un ní omi ewé, pé mò ń bọ̀ ní ọjọ́ ọjà. Ó tún ránṣẹ́ pé Yèyé ń béèrè mi. Mo ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni mo wí. Iṣẹ́ kẹta tó dé kò béèrè pé kí n wá wò ó mọ́. Ó ní kí n mú aṣọ funfun dání.

A sin ín ní Òsí, ní ẹ̀yìn ilé, àwọn ọmọ ẹbí wá láti Èkó, láti Kàdúná, Elijah náà dé. Nígbà tí wọ́n bo ilẹ̀ tán, mo lọ bá Fúnmilọ́lá nínú yàrá Yèyé, níbi tó ti ń ká aṣọ.

"Oṣù kan ó lé!" mo kígbe mọ́ ọn. "Oṣù kan ó lé ni ìyá mi lò lọ́wọ́ yín! Kí lẹ fún un jẹ? Kí ló dé tí ẹ ò gbé e lọ sí ọsibítù? Ẹ jẹ́ kó gbẹ bí igi! Mo gbé orí rẹ̀, kò wúwo tó igbá!"

Ó ká ìró kan, ó tún un ká.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń bá yín sọ̀rọ̀!"

"A gbé e lọ," ó ní. "Nọ́ọ̀sì la ẹnu rẹ̀ wò. Ó bi mí bóyá màmá yìí ń se ọṣẹ, pé inú ọ̀fun rẹ̀ ti bó, pé ohun tó ṣe é kò lè ju sódà lọ."

"Sódà? Ta ló fún un ní sódà mu?"

Ó gbé ojú sókè, ó wò mí. Kò pariwo. Kò tilẹ̀ bínú.

"Ìwọ ni, Ṣubú. Èédú yẹn gba àwọ̀, kò gba sódà."

Mo ní irọ́ ni. Mo ní gbogbo ìlú ló wà níbẹ̀, pé Yèyé ló tọ́ ọ wò, àádọ́ta ọdún ló fi ń tọ́ omi wò, kò sí bí kò ṣe ní mọ̀. Mo ní bó bá ta á ni, ṣebí á tu ú.

"Ó mọ̀. Láti ẹ̀kán àkọ́kọ́ ló ti mọ̀. Ó ní n kò gbọ́dọ̀ sọ fún ọ, kí n kàn jẹ́ kí o rọra gbọ́ pé kí o má da omi náà sódò mọ́. Mi ò lè rọra sọ ọ́, kò sí bí wọ́n ṣe ń rọra sọ ọ́."

"Kí ló dé tí kò tu ú? Ìkòkò ni? Nítorí ìkòkò lásán?"

"Èmi náà rò pé ìkòkò ni. Mo bi í." Fúnmilọ́lá gbé aṣọ náà lé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ. "Ó ní, 'Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín sí mi, Fúnmilọ́lá. Ó di ọdún méjì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ tu ú?'"